A Kò Ní Fi Owó Oṣù Wa San Ẹ́ńjìnnì Tí Ìkánjú Bà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́nọ́ọ̀sì Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ lọ́rì tó ti sùn ni. Àwọn lọ́rì àtijọ́ tó ti wà lẹ́yìn yáàdì láti ọdún pípẹ́, tí koríko ti hù yí táyà wọn ká, ni àwọn ọ̀gá ń pàṣẹ nísinsìnyí pé kí a jí dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dópin, nítorí pé owó yín wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí yín náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà ní títì nítorí àrùn kòrónà, láti ọjọ́ 30 oṣù Máàṣì ọdún 2020, iṣẹ́ dín kù fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Wọ́n kó àwọn lọ́rì wọn tó ti dàgbà sẹ́yìn yáàdì. Nígbà tí iṣẹ́ padà dé, àwọn tó ṣì lágbára ni wọ́n kó jáde, wọ́n fi àwọn àgbà sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn. Lẹ́yìn náà ni oṣù Júùnù ọdún 2023 dé, tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti lé ní ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Lọ́rì tuntun wá di ohun tí ọ̀gá ń wò lókèèrè, tòkunbọ̀ pàápàá kò ṣeé sún mọ́ mọ́. Ìgbà náà ni ojú wọn yí padà sí ẹ̀yìn yáàdì, tí wọ́n rántí pé àwọn ní lọ́rì.

A kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n fẹ́ lo lọ́rì àtijọ́. Ọkọ̀ tó ń rìn ni oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó dúró kì í san owó oṣù. Ohun tí a ń bá wọn jà sí ni ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà jí i, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ di ẹrù rẹ̀ lé lórí nígbà tó bá bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yáàdì kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́. Máníjà ní kí wọ́n jí lọ́rì méjì tó ti jókòó fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin. Wọ́n fún àwọn mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bátìrì kan tí wọ́n yá láti ara ọkọ̀ mìíràn, àti kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì kan. Kò sí ọ́ìlì tuntun, kò sí fílítà. Aṣojú wa béèrè ọ́ìlì, wọ́n ní kí ó lo èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Lọ́rì àkọ́kọ́ dáhùn, ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì nọ́ọ̀kì. Èkejì kò fẹ́ yí rárá. Wọ́n ní kí wọ́n fi tírélà fà á nínú gíá; nígbà tí yóò fi yí, kọ́nrọ́ọ̀dù kan ti tẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kúẹ́rì dé ọwọ́ mẹkáníìkì méjì àti dẹ́rẹ́bà kan. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni “àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́”. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé owó ẹ́ńjìnnì méjèèjì yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn.

Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìràn mọ́. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan lọ́rì fún ọdún mẹ́rin, òun ló wá ń pe ẹni tó fọwọ́ kàn án fún wákàtí mẹ́rin ní aláìbìkítà!

Ohun tí ẹ̀ka wa ń sọ kò gùn. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn ṣeé jí. Ṣùgbọ́n àkókò àti ohun èlò ló ń jí i. Ẹni tó bá fi àkókò àti ohun èlò du mẹkáníìkì, òun ló ni ìbàjẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnu lásán ni ẹgbẹ́ ń fi jà.

IRÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ TÍ À Ń SỌ

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa mọ Mercedes 911. Òun ló ń kó gẹdú, òun ló ń kó yanrìn, òun ló ń kó kòkó, lórí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ mólúè Èkó lé. Ní ilẹ̀ wa níbí, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene lẹ́bàá Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes pọ̀ ní 1980. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ 911 ni èyí tí àwọn tó ṣe é ń pè ní OM 352. Sílíńdà mẹ́fà ló ní lórí ìlà kan ṣoṣo, ìwọ̀n inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní lítà márùn-ún àbọ̀. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sẹ́ńsọ̀. Irin ló ń ti irin nínú pọ́ńpù rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣeé jí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìdí yìí kan náà ló mú kí àwọn ọ̀gá rò pé kò lè kú láé.

Ó lè kú o. Ìjókòó sì wà lára ohun tó ń pa á.

OHUN TÍ ÌJÓKÒÓ Ń ṢE

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ló wà láàárín irin àti irin. Bí ó bá dúró fún oṣù púpọ̀, ọ́ìlì yóò ṣàn kúrò lára ògiri sílíńdà àti lára bíárìn, yóò padà sísàlẹ̀. Irin yóò wà ní ìhòòhò. Ilẹ̀ wa níbí sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ òru ń wọlé gba ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì, ó ń di omi sára irin tútù. Ìpẹtà yóò bẹ̀rẹ̀. Ríǹgì yóò lẹ̀ mọ́ písítìnì, písítìnì yóò lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà. Bí o bá wá fi bátìrì ńlá yí i lójijì, ìpẹtà yẹn ni yóò máa fá ògiri sílíńdà bí ẹni fi yanrìn fọ abọ́ tánganran.

Ọ́ìlì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ náà kò dára mọ́. Èérí iná àti ásíìdì ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀, gbogbo ọdún tó fi dúró ló fi ń jẹ bíárìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí á pààrọ̀ ọ́ìlì KÍ á tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí a bá padà dé nìkan.

Ẹ wá wo táńkì. Táńkì tí kò kún, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ní ọ̀rinrin, ọ̀rinrin sì ń di omi. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ibi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń bí sí i, wọ́n ń ṣe ohun dúdú kan tó ń yọ̀ bí ilá. Ohun náà ni yóò dí fílítà pa. Bí omi bá sì dé inú pọ́ńpù, iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí pé àlàfo tó wà láàárín irin tó ń ti epo àti ilé rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà kan. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀. Ìpẹtà tí ojú kò rí pàápàá ti tó láti mú un lẹ̀ pa.

Rédíétọ̀ ńkọ́? Omi ẹ̀rọ lásán ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń dà sí i. Omi yẹn ń jẹ irin, ó ń jẹ gásikẹ́ẹ̀tì, nígbà mìíràn ó ń jò wọ inú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀: inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń fún un títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú 17. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìnì bá gòkè bá omi, tí kísítátà tàbí tírélà sì ń fi agbára tì í, ohun kan gbọ́dọ̀ gbà fún ìkejì. Kọ́nrọ́ọ̀dù ló máa ń tẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣe lọ́rì kejì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

A kò tíì sọ ti eku tó ń kọ́lé sínú fílítà afẹ́fẹ́, tó ń jẹ wáyà. Tàbí ti kòkòrò tó ń fi amọ̀ dí ẹnu páìpù. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí mẹkáníìkì dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹlẹ̀, ibòmíràn ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ Á JÍ I

Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀bù ṣe ń ṣe é, kí ọ̀dọ́ tó wà láàárín wa gé e, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Èkíní, fi ojú wò ó kí o tó fi ọwọ́ kàn án. Fi òkúta tàbí igi dí táyà. Fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Tú ilé fílítà afẹ́fẹ́, kó ilé eku jáde.

Èkejì, tú dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ dànù, fọ táńkì, fi fílítà tuntun sí i. Tú ọ́ìlì àtijọ́ náà dànù, fi tuntun sí i pẹ̀lú fílítà rẹ̀. Tú omi rédíétọ̀, ṣan án, kí o yẹ họ́ọ̀sì wò.

Ẹ̀kẹta, tú nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde. Da ọ́ìlì ṣíbí díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó kéré tán. Bí ó bá ti pẹ́ púpọ̀, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ọ́ìlì náà ń wá ọ̀nà lọ sábẹ́ ríǹgì. A kì í lé e.

Ẹ̀kẹrin, fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì níwájú, ní ibi púlì, ní ọ̀nà tí ó máa ń yí sí. Ọwọ́ ni kí o lò, má lo kísítátà. Nítorí pé nọ́súlù ti jáde, kò yẹ kí ó le. Yí i ní ìgbà méjì kíkún, kí gbogbo sílíńdà lè pé iṣẹ́ wọn. Bí ó bá dúró níbì kan, má fi páìpù gígùn kún sípánà. Dá a padà díẹ̀, fi ọ́ìlì kún un, fi í sílẹ̀. Bí ó bá kọ̀ títí, tọ́ọ̀pù ni kí á tú, kí á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀karùn-ún, yẹ irin tó ń dín epo kù nínú pọ́ńpù wò. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ, ó gbọ́dọ̀ máa bọ̀ fàlàlà. A ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀kẹfà, nígbà tí nọ́súlù ṣì wà níta, tí o ti fa irin ìdúró kí epo má wọlé, jẹ́ kí kísítátà yí ẹ́ńjìnnì títí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì yóò fi gbéra. Ìgbà náà ni ọ́ìlì ti dé bíárìn. Kí ó tó gbéra, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sítáàtì. Rí i pé bátìrì tó lágbára ni o lò.

Èkeje, dá nọ́súlù padà, fi ọwọ́ fa epo títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú páìpù, kí o sì sítáàtì rẹ̀. Má ṣe tẹ ìná fún un. Jẹ́ kí ó rọra ṣiṣẹ́, kí ojú rẹ wà lára géèjì ọ́ìlì. Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀, pa á. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná dáadáa, yẹ gbogbo ibi tó lè jò wò. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tún pààrọ̀ ọ́ìlì náà, nítorí pé yóò ti fọ ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ sínú ara rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Kò lè gba àárọ̀ kan ṣoṣo. Máníjà tó bá ní ó lè gbà á, kí ó wọ aṣọ iṣẹ́, kí ó wá fi hàn wá.

IBI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ

Irin tó ń dín epo kù tí a ní kí ẹ yẹ̀ wò yẹn, bí ìpẹtà bá mú un níbi tí epo ti ń wọlé púpọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sáré kọjá agbára rẹ̀ lọ́gán tó bá ti dáhùn. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní gbọ́, nítorí pé pọ́ńpù yìí kò fi iná bátìrì ṣiṣẹ́. Yóò máa ké títí tí irin yóò fi fọ́, irin tó bá sì fọ́ kì í yan ẹni tí yóò bà. Afẹ́fẹ́ ni a fi ń pa á: kí a fi pákó pẹlẹbẹ tó nípọn dí ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. A kì í fi ọwọ́ dí i, a kì í fi aṣọ dí i, nítorí pé yóò fà á wọlé. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá kọ́kọ́ fẹ́ sítáàtì ẹ́ńjìnnì tó ti sùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ẹnu afẹ́fẹ́ pẹ̀lú pákó lọ́wọ́, kí ó má sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn kan sì ń da pẹtiróòlù sí ẹnu ibẹ̀ kí ọkọ̀ lè tètè dáhùn. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó lè gbiná sí yín lójú, ó sì lè fọ́ písítìnì.

Ohun tó burú jù lọ rèé. Inú ọ̀gá ń dùn nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n di ẹrù lé ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé bíréèkì náà ti jí? Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra bó bá ti pẹ́. Rọ́bà inú rẹ̀ máa ń gbẹ, páìpù irin rẹ̀ máa ń pẹtà láti inú. Oòrùn ọdún mẹ́rin ti la ẹ̀gbẹ́ táyà. Ọkọ̀ tó lè gbéra tí kò lè dúró, pósí ni. Dẹ́rẹ́bà ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì àti ọmọ ilé-ìwé tó ń sọdá. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa, èyí tó jáde ní 2010, wà lóòótọ́, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí owó tó ń hu ẹsẹ̀ padà.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N Ń WÍ

Wọ́n ní: “Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ń jí i láàárín wákàtí méjì.” Lóòótọ́ ni, a ti rí i. A sì ti rí i nígbà tí ọkọ̀ kan náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú èéfín búlúù lẹ́nu, tí ó ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Owó kejì yẹn ni àwọn ọ̀gá kì í kà mọ́ ti àkọ́kọ́.

Wọ́n ní: “Owó kò sí fún ọ́ìlì àti fílítà.” Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ní apá kan: kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì, fílítà, dísẹ́ẹ̀lì mímọ́, àti owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Ní apá kejì: písítìnì mẹ́fà, ríǹgì wọn, bíárìn, gásikẹ́ẹ̀tì odindi, kí á tún kíránkì gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ní rìn. Ohun tí dọ́là ti gbé sókè ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí owó apá kìíní, níbo ni yóò ti rí ti apá kejì? Àwa mọ ibi tó fẹ́ ti rí i. Inú àpò wa ni.

Wọ́n tún ní: “A máa ń sítáàtì wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.” Ìṣẹ́jú márùn-ún lóṣù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a tan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì gbóná. Iná rẹ̀ ti bí omi sínú rẹ̀, kò sì tíì gbóná tó láti lé omi náà jáde. Ó sàn kí á má tan án ju kí á tan án bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tan án, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná, kí ó sì rìn díẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fún ní kúẹ́rì, ẹ má bẹ̀rù. Òfin Iṣẹ́ tó jáde ní 1974 ṣì wà, Abala 5 rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ lórí owó tí agbanisíṣẹ́ lè yọ. Kò kàn lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa gé owó oṣù. Bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí ohun ìní rẹ̀ tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà ibi tàbí pé ó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àpapọ̀ owó tí wọ́n ń yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Ta ló wá pa iṣẹ́ rẹ̀ tì níbí yìí? Ẹni tó béèrè ọ́ìlì, tàbí ẹni tó ní kò sí? Ọ̀rọ̀ tí a ó bá wọn sọ níwájú ìjọba nìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ kí á débẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

A kò ní fi òtítọ́ pa mọ́ nítorí pé ilé wa ló kàn. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ràn kí ọ̀gá máa pè wọ́n ní alágbára. Bí ẹlẹgbẹ́ wọn bá ní kí á dúró títí ọ̀la, wọn á ní àwọn á ṣe é nísinsìnyí. Ẹgbẹ̀rún náírà méjì mẹ́ta tí ọ̀gá fi sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ gbọ́: lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, ọ̀gá ló jí i, lọ́jọ́ tí ó bá nọ́ọ̀kì, ẹ̀yin lẹ pa á. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ẹ má tún bá a gbé àga síbòòji.

Àwọn dẹ́rẹ́bà náà, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí títí ẹ ó fi tẹ bíréèkì rẹ̀ nínú yáàdì láìsí ẹrù, tí ẹ ó sì fi ojú ara yín wo táyà. Kíkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oríkunkun.

OHUN TÍ À Ń BÉÈRÈ

Nítorí náà, ẹ̀ka wa ń gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí síwájú àwọn agbanisíṣẹ́:

1. Kí wọ́n fa kúẹ́rì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, kí wọ́n má sì yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

2. Kí a má ṣe sítáàtì lọ́rì kankan tó bá ti jókòó ju oṣù mẹ́fà lọ láìsí ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun, dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ àti ọjọ́ tó tó.

3. Kí ìwé kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí mẹkáníìkì yóò kọ ohun tó béèrè sínú rẹ̀, tí máníjà yóò sì kọ ohun tó fún un, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní kí á máa lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ọ́ìlì, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

4. Kí bíréèkì, táyà, iná àti sítíárìn gba àyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó gbé ẹrù, kí dẹ́rẹ́bà tí yóò wà á sì wà níbẹ̀.

5. Lọ́rì tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé kalẹ̀, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ bó ṣe yẹ: kí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí a kún táńkì rẹ̀, kí a dí ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì àti ẹnu afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí a tú bátìrì rẹ̀, kí a sì yan ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú wákàtí tí a ya sọ́tọ̀ fún un.

Kò sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà wọ́n, lọ́rì rẹ̀ yóò pẹ́ sí i, èrè rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i; àwa kò sì ní bá a du èyí. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi dáhùn, ẹ̀ka wa ti pinnu: ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan kò ní fi ọwọ́ kan kísítátà lọ́rì tó ti sùn, àfi bí ọ́ìlì tuntun bá wà nílẹ̀ tí ìwé sì wà lórí tábìlì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní kúẹ́rì nítorí rẹ̀, kí ó gbé e wá fún aṣojú wa lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má dá nìkan dáhùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A ó jíròrò lé e lórí ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru rán ẹlòmíràn wá.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!